Ọbabìnrin Dojú Àwo Dé

“Májèlé ni! Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Májèlé ni wọ́n bù sí i!”

Àwòrán kò tíì parẹ́ tán lójú ògiri tí Kọ́lápọ̀ ti fò dìde. Òun ló ń tún bátìrì ṣe fún gbogbo agboolé Ìdí-Òro, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ eré Adé Inú Omi bá délẹ̀, a máa ṣe bí ẹni pé òun ló kọ ọ́.

“Kọ́lá, jókòó,” ni Ìbídùn wí. “Etí kò tíì lajú.”

Gbogbo ojú lọ sókè. Lára àjà gbọ̀ngán ni Etí rọ̀ sí, ẹ̀rọ funfun roboto kan tí kò tóbi ju igbá ìmumi lọ. Etí tó ń lajú! Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá ni àwọn èèyàn ti fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ náà ti kú, Etí ṣì wà níbẹ̀. Kò pẹ́, iná àwọ̀ ewé tàn lára rẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará Ìdí-Òro,” ni ohùn inú rẹ̀ wí, ohùn obìnrin tó mọ Yorùbá sọ dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè mọ ìlú tó ti wá. “Ẹ jọ̀wọ́, kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀.”

“Ẹ kú ọ̀sán o, Etí,” ni gbogbo wọn dáhùn bí ọmọ iléèwé.

Ẹnì kan ti ń yọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Tíṣà Àjàdí rí i, Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì.

“Ìwọ tó ń lọ yẹn, padà! Ṣé o fẹ́ ká sùn sókùnkùn bí àwọn ará Ìdí-Àgbọn lọ́jọ́sí ni? Ẹnì kan ṣoṣo ló dákẹ́ níbẹ̀, iná ò sì wọ bátìrì ẹnikẹ́ni.”

Ẹni náà pòṣé, ó padà wá jókòó. Ọ̀sán gangan ni, nítorí oòrùn ló ń gbé eré náà, bí oòrùn bá sì ti wọ̀, ògiri á kàn di ògiri. Ooru mú nínú gbọ̀ngán débi pé àwọn ọmọ ọwọ́ pàápàá kò lágbára láti sunkún. Ìbídùn tó jẹ́ alága fi etí ìró nu ọrùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ sọ òótọ́, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí àárẹ̀ ọ̀hún ti wọ̀ ọ́ lára tí kò sì tíì rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

“Tíṣà, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀,” ni ó wí. “Kí lẹ rí sí ti òní?”

“Kí ni mo rí? Kò sí nǹkan kan tí mo rí!” Tíṣà na ọwọ́ sí ògiri. “Eré yìí ń yọ̀ bí ilá. Láti ìgbà àkọ́rọ̀ òjò ni wọ́n ti ń la Igbó Aláìlẹ́yìn kọjá, wọn ò tíì dé ìdajì rẹ̀. Ṣé igbó ni àbí òkun? Lónìí, Ọbabìnrin Iyùnadé rìn. Ó jókòó. Ó jẹ àsáró. Ó dìde, ó tún rìn. Èmi náà ń rìn, mo ń jẹ àsáró, ta ló pe ará àdúgbò jọ kí wọ́n wá wò mí?”

Ẹ̀rín bú jáde. Kódà Ìbídùn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ikùn.

“Tíṣà, ẹ ò fojú inú wò ó ni,” Kọ́lápọ̀ tún ti dìde. “Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀yin rí ìrìn, èmi rí àwo. Ó jẹun tán, kí ló ṣe? Ó dojú àwo dé, ó sì tẹ ìdí rẹ̀! Látìgbà tí eré yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ìgbà tí Ọbabìnrin ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti mọ̀ pé májèlé wà nínú oúnjẹ náà. Balógun rẹ̀ ló bù ú sí i. Ní apá tó ń bọ̀, ẹyẹ kan á wá ṣa èérún ìdí àwo yẹn jẹ, á sì kú. Ẹ rántí pé mo sọ ọ́.”

“Bí májèlé bá wà níbẹ̀, kí ló dé tó jẹ ẹ́ tán?” obìnrin kan bi í láti ẹ̀yìn.

“Ọmọ inú omi ni ìyá rẹ̀! Májèlé kì í pa wọ́n!”

Bẹ́ẹ̀ ni ariwo ṣe sọ. Ẹnì kan ní àwòrán ọ̀nà ló wà nídìí àwo náà, àti pé ìdí nìyẹn tó fi yí i padà kí ó lè rí i. Òmíràn ní ọ̀nà tí àwọn ará inú omi fi ń pe ara wọn ni. Wọ́n ń jiyàn bí ẹni tó ń pín ogún. Etí ń tàn lókè, ó ń gbọ́, ó ń kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe eré, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọkàn Ìbídùn kò kúrò lára àwo náà láti ìgbà tó ti rí i.

Kò sí májèlé níbẹ̀. Kò sí àwòrán ọ̀nà. Nílé tí wọ́n ti bí Ìbídùn, létí òkun, kí omi tó gba ìlú náà, ọmọ pọ̀ yí ìkòkò ká, Màámi a sì máa gbé ìkòkò náà yípo, a máa bù kún àwo gbogbo wọn láìbéèrè. Bàbá wọn kò fẹ́ kí ọmọ máa sọ̀rọ̀ tòun ti oúnjẹ lẹ́nu. Nítorí náà, ẹni tó bá ti yó á dojú àwo rẹ̀ dé, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Màámi á mọ̀, á fò ó kọjá. Mo ti yó, ẹ má bù sí i mọ́. Kò sí ohun mìíràn tó túmọ̀ sí, kò sì sí ilé mìíràn tí Ìbídùn ti rí i rí.

Ọwọ́ òsì ni Ọbabìnrin fi tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ọmọ́yẹlé àbúrò rẹ̀.

Ẹ̀rín ni Ọmọ́yẹlé ń rín lọ́jọ́ tó lọ ṣe Ọbabìnrin. “Ọdún kan péré ni, àǹtí mi, eré á parí, mo dé nìyẹn.” Ṣùgbọ́n àwọn agboolé fẹ́ràn Ọbabìnrin, ẹni tí àwọn agboolé bá sì fẹ́ràn kì í kú, ẹni tí kò bá tíì kú nínú eré kì í jáde nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ṣe é. Adé onílẹ̀kẹ̀ tó bò ó lójú dé imú ni kò jẹ́ kí àwọn ará Ìdí-Òro rí i pé ó jọ alága wọn. Ọdún mẹ́sàn-án. Ó lọ ní ọmọge. Èèyàn wo ló máa bọ̀?

“Ẹ gbọ́ mi,” Tíṣà ti gbóhùn sókè. “Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Kí Ọbabìnrin yìí kú, kí ìtàn lè rìn. Ẹni tó ń ṣe é pàápàá, ẹ jẹ́ kó lọ sílé. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko.”

Iná Etí pọ́n. “Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà,” ni ohùn náà wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, “ọ̀rọ̀ Ọbabìnrin ni kí ẹ sọ. Ẹ má sọ̀rọ̀ òṣèré.”

“Ẹ má bínú o, Etí.” Tíṣà jókòó kíá.

“Àti pé ilé wo gan-an?” Ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́ ló sọ̀rọ̀ níwájú. Àgbàlagbà obìnrin ni, orí àpótí tirẹ̀ ni ó máa ń jókòó sí, kì í sì í wọ àkísà wá wo Ọbabìnrin láé, nítorí ó ní a kì í wọ àkísà lọ sáàfin. “Ta ló ń kúrò níbi tó tutù, tí oúnjẹ pọ̀? Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ kó máa rìn. Ìrìn rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn.”

Gbogbo agboolé ló mọ̀ pé omi ti gba Oyèníkẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tó bí. Ní ọdún kejì eré náà, nígbà tí ọmọ Ọbabìnrin kú, tí Ọbabìnrin sì gbé ẹrù rẹ̀ tó ń bá ọ̀nà lọ, Ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́ lọ sílé, ó wẹ̀, ó sì jẹun fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́. Láti ìgbà náà, ó ti sọ Ọbabìnrin di èèyàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìbídùn. Bóyá òótọ́ ni ìyá àgbà yìí ń sọ. Bóyá Ọmọ́yẹlé ń sùn dáadáa. Bóyá wọ́n kàn ní kó dojú àwo dé ni, tó sì dojú rẹ̀ dé. Ṣé ká tìtorí àwo pa ọbabìnrin?

Ṣùgbọ́n ta ló lè kọ ọ́ sínú ìwé eré pé kó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìdí rẹ̀? Ta ló mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ilé Màámi?

Kò sì lè sọ ọ́. Alága kì í sọ èrò tirẹ̀, ìbéèrè nìkan ló lè bi. Ìbátan òṣèré kò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan inú gbọ̀ngán rárá. Ọjọ́ tí wọ́n fi í jẹ alága, wọ́n bi í bóyá ó ní ẹnikẹ́ni nínú eré, ó ní òun kò ní. Yàrá tí òun àti Màámi ń gbé lórí òkè yìí, ti alága ni. Bí àṣírí bá tú, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ gbogbo agboolé nù, òun àti Màámi yóò sì padà sínú àtíbàbà létí omi, Màámi tí kò lè rìn dé ilé ìwẹ̀ láìgbá ògiri mú.

“Alága,” ni Etí wí, “àsìkò ti ń lọ. Ẹ béèrè ìbéèrè ìparí.”

Ìbéèrè ìparí ọ̀hún kì í yí padà: kí Ọbabìnrin máa lọ ni, àbí kó sinmi? Kó sinmi ni wọ́n ń pe kó kú. Láti ọdún mẹ́sàn-án, ìdáhùn Ìdí-Òro kò yí padà rí: kó máa lọ.

Ìbídùn la ẹnu. Ohun tó jáde kì í ṣe ìbéèrè ìparí.

“Kí n tó béèrè ìyẹn,” ni ó wí, “mo fẹ́ bi yín. Nílé yín, tí ẹnì kan bá jẹun tán, tó dojú àwo dé, kí ló ń sọ?”

Iná Etí pọ́n. “Alága, ṣé inú eré ni ìbéèrè yìí ti wá?”

“Inú eré ni àwo náà wà,” ni Ìbídùn dáhùn.

Iná náà pọ́n síbẹ̀, ó ń rò ó. Lẹ́yìn náà, ó padà di àwọ̀ ewé.

“Nílé tèmi,” Tíṣà bẹ̀rẹ̀, “ẹni tó bá dán irú ẹ̀ wò, ẹ̀gbin ló fi lọ ẹni tó se oúnjẹ. Bàbá mi á nà án.”

“Kí eṣinṣin má baà bà lé e ni,” obìnrin ẹ̀yìn yẹn sọ.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má jẹ́ ká yà kúrò lójú ọ̀nà,” Kọ́lápọ̀ fọwọ́ lu àyà. “Mo ní májèlé ni! Àǹtí Alága, kí ló kan ilé wa níbẹ̀?”

Ẹnì kan tẹ̀ lé ẹnì kan, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìbídùn wo ilẹ̀. Kí ló ti rò tẹ́lẹ̀? Ilé tí omi ti gbà ni àṣà náà wà. Ó ti fi ilé Màámi wewu nítorí ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Àárẹ̀ rẹ̀ dé góńgó, ó fẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ kó sunkún.

Nígbà tó gbójú sókè, Ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́ ń wò ó.

Ìyá àgbà náà ni ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí Màámi ní lórí òkè. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá fún un. Ìbídùn ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá àwọn méjèèjì tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú wọn. Ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́ ti bínú dìde tẹ́lẹ̀, ó ní kí ló dé tí Màámi dojú àwo òun dé, ṣé oúnjẹ òun kò dùn ni? Màámi sì ṣàlàyé fún un.

Ó ń wo Ìbídùn. Ó wo ẹnu rẹ̀, ó wo àgbọ̀n rẹ̀, ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ adé kì í bò. Ó yíjú sí ògiri tó ti ṣófo, ó sì tún yíjú padà. Ìbídùn rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. Kò sí ohun tí ìyá àgbà ní láti ṣe ju kó dákẹ́ lọ. Tó bá dákẹ́, Ọbabìnrin á máa rìn fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi kú. Ìbídùn kò bẹ̀ ẹ́. Ojú wo ni yóò fi bẹ ẹni tí omi gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó tún fi ọ̀kan sílẹ̀?

Ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́ fọwọ́ ti orúnkún, ó dìde.

“Mo mọ ilé kan,” ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. “Ilé kan tí wọ́n ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dojú àwo dé, tó tẹ ìdí rẹ̀, ó ní òun ti yó. Ó ní kí wọ́n má bù fún òun mọ́.”

Kọ́lápọ̀ rọra jókòó.

“Ó ti yó,” Ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́ tún un sọ, ó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún. “A ti ń bù ú fún un lọ́dọọdún, a ò bi í. Igbó yìí, ogun tọ̀hún, ọmọ kú, ó tún rìn. Èmi ni mo ń pariwo jù pé kí wọ́n bù kún un. Ẹni tó ti yó, ẹ má fi tipátipá bọ́ ọ mọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.”

“Ta ló dáhùn?” ni Etí béèrè.

“Èmi ni. Adétóún, ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́, Ìdí-Òro.”

“Ẹ ṣé, Màmá. Alága, ìbéèrè ìparí.”

Ìbídùn béèrè rẹ̀. Kò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà ló kọ́kọ́ ní kó sinmi, ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Obìnrin ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn wọn rẹlẹ̀, bí ẹni tó ń kí olókùú. Kọ́lápọ̀ ló kẹ́yìn. Ó họrí.

“Májèlé yẹn ì bá dára o,” ni ó wí. “Àmọ́ mo gbà. Kó sinmi.”

Iná tó tàn lára Etí lọ́tẹ̀ yìí, Ìdí-Òro kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọ̀ aró ni. “Ìdáhùn Màmá ti yí agboolé yìí lọ́kàn padà,” ni ohùn náà wí. “Òfin ní kó dé gbogbo agboolé yòókù kí wọ́n tó sọ tiwọn. Orúkọ Màmá Adétóún ni yóò bá a lọ. Ẹ kú ìsinmi.” Ó sì pajú dé.

Àwọn èèyàn tú jáde sínú oòrùn. Ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́ ń gbìyànjú láti gbé àpótí rẹ̀, Ìbídùn sáré gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì gbígbóná.

“Dìde, kí wọ́n má rí ọ,” ni ìyá àgbà sọ sí i létí. “Ètè yín bára mu. Ibo ni ojú mi wà láti ọjọ́ yìí?” Ó fi ọwọ́ nu ojú. “Má sọ nǹkan kan fún mi. Bí mi ò bá mọ nǹkan kan, mi ò lè sọ nǹkan kan. Àmọ́ tó bá dé, jẹ́ kó wá kí mi. Mo ti pẹ́ tí mo ti ń bá a rìn.”

“Ẹ ṣé, mà.”

“Gbé àpótí mi bọ̀ jàre, oòrùn ń pa mí.”

Màámi jókòó síbi ìbòòji ẹnu ọ̀nà nígbà tí Ìbídùn délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìrọ̀rí. Kì í lọ sí gbọ̀ngán, kì í sì í wo eré náà lójú ògiri ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kò lè máa wo ọmọ òun bí ẹni ń wo odò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

“Ṣé ó jẹun?”

“Ó jẹun, Màámi.”

“Kí ló jẹ?”

“Àsáró.”

“Ṣé ó jẹ ẹ́ tán?”

Ìbídùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Ó jẹ ẹ́ tán. Ó dojú àwo dé, Màámi. Ó tẹ ìdí rẹ̀.”

Màámi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí.

“Ọwọ́ wo ló fi tẹ̀ ẹ́?”

“Òsì.”

“Hẹ̀n,” ni arúgbó náà wí. “Mo ń bi ọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án bóyá ó jẹun. Ìbídùn, mi ò bi ọ́ rí bóyá ó ti yó.”

Ó gbá ògiri mú, ó ń dìde. Ìbídùn fẹ́ dì í mú, ó gbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dànù.

“Bí ó bá ti yó níbẹ̀, ilé ló kù tí yóò ti jẹun. Gbé àwo rẹ̀ wá fún mi kí n fọ̀ ọ́.”

“Màámi, kò tíì dájú o. Àwọn agboolé yòókù kò tíì sọ tiwọn. Wọ́n lè ní àwọn kò gbà.”

“Mo ní kí o gbé e wá.”

Ìbídùn na ọwọ́ sókè pẹpẹ. Àwọn àwo ilé yòókù wà ní dídojúdé bí wọ́n ṣe máa ń wà nílé gbogbo èèyàn. Ti Ọmọ́yẹlé nìkan ló kọjú sókè. Bẹ́ẹ̀ ni Màámi ṣe gbé e síbẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni dojú rẹ̀ dé láti ìgbà náà. Eruku ti kún inú rẹ̀. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì lọ pọn omi.